Gbogbo Aláǹgbá Ló Dakùn Délẹ̀: Kámẹ́rà Wo Ló Ń Ríran ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó?

Ẹ rìn láti Alágbàká dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kí ẹ máa wo òkè ògiri bí ẹ ti ń lọ. Ẹ ó rí kámẹ́rà lẹ́nu géètì ilé ìfowópamọ́, ní ilé epo, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti lókè ilé ìtajà. Ẹ wá sí Oǹdó, ẹ gba Yába kọjá, kí ẹ dé agbègbè Adéyẹmí níbi tí ilé akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Bákan náà lọmọ ń ṣorí. Gbogbo wọn la ojú sílẹ̀ rekete. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ìbéèrè kan la ní fún àwọn olórí ìjọ, àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, àwọn alákòóso ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn lánlọ́ọ̀dù tó ń gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nínú kámẹ́rà tó wà lára ògiri yín, mélòó ló ń ríran lóru àná lẹ́yìn tí NEPA múná lọ? Bí ẹ kò bá lè dáhùn, ohun ọ̀ṣọ́ lẹ rà, ẹ kò tíì ra ààbò.

Àwa ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, ẹ̀mí tí kò dín ní 40 sì lọ sí i. Kí oṣù náà tó parí, Gómìnà Rótìmí Akérédolú buwọ́ lu àṣẹ kan pé kí àwọn ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìtajà ńlá àti àwọn ibi mìíràn tí èrò ń pé jọ sí ri kámẹ́rà aṣọ́ni mọ́ ilé. Àṣẹ náà dára. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àmọ́ ohun tí etí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nínú rẹ̀ kò ju "ẹ ri kámẹ́rà" lọ. Wọ́n rà á, wọ́n rì í, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, ó parí síbẹ̀.

Kò parí o. Bí wọ́n ṣe ń rì í ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ní ṣájà tirẹ̀, wọ́n á sì ki ṣájà náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá sún mọ́ ọn. Kámẹ́rà mẹ́jọ, ṣájà mẹ́jọ, ibi mẹ́jọ tí nǹkan ti lè bàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ á yọ ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ fi iná sí fóònù á yọ èkejì. Bí iná ìjọba bá lọ, gbogbo wọn á pajú dé pọ̀, nítorí ta ló máa fa wáyà bátìrì dé sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ? Olè tó gbọ́n kò sì nílò òòlù láti fọ́ kámẹ́rà irú ilé bẹ́ẹ̀. Yóò kàn dúró de ìgbà tí òkùnkùn bá ṣú.

Oògùn àìsàn yìí ti wà láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Àpótí kékeré kan ni, tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní súwíìṣì PoE. Kì í ṣe súwíìṣì tí a fi ń tan gílóòbù. Nínú àròkọ yìí, a ó máa pè é ní àpótí apínná, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló máa ń ti ara rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan. Wáyà yẹn kan náà ló ń gbé iná lọ, òun ló sì ń gbé àwòrán bọ̀. Ọdún 2003 ni àjọ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ IEEE fi òǹtẹ̀ lu ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́, tó gba wáàtì 15.4 láàyè lójú ihò kọ̀ọ̀kan. Ní 2009, wọ́n gbé e dé wáàtì 30. Àpótí gidi kì í dédé ju iná sára ohun tí wọ́n bá so mọ́ ọn. Yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè gba iná náà, kó tó fún un.

Àǹfààní rẹ̀ fún ìlú tí iná ti ń ṣe bó ti wù ú kò kéré. Dípò ṣájà mẹ́jọ, ibì kan ṣoṣo ni ẹ ó ti dáàbò bo iná. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 7 lóru. Mẹ́jọ á jẹ 56. Ká fi 30 kún un fún àpótí apínná fúnra rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀, ó di 86. Bátìrì ínfátà 12V 100Ah kan ní agbára wáàtì 1,200 fún wákàtí kan. Bí a kò bá fẹ́ pa á, ìdajì rẹ̀ la ó lò, ìyẹn 600. Ohun tó ń ṣòfò nínú ínfátà náà á mú díẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, kámẹ́rà mẹ́jọ á ríran fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà láìsí iná ìjọba, láìsí jẹnẹrétọ̀. Bátìrì kan péré! Ìjọ tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tan gbohùngbohùn fún ìsìn òru kò lè sọ fún wa pé agbára òun kò ká èyí.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ra àpótí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye ihò tàn yín jẹ. Ihò mẹ́jọ kò sọ pé iná tó kámẹ́rà mẹ́jọ. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní àpapọ̀ wáàtì tó lè pín. Ní ọ̀sán, kámẹ́rà kì í jẹ púpọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò tan iná tí ojú ènìyàn kì í rí, èyí tó fi ń ríran lókùnkùn, oúnjẹ rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Bí àpapọ̀ wáàtì àpótí náà kò bá tó, kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán ni oníṣòwò fi ń hàn yín pé ó ń ṣiṣẹ́, òru lolè ń wá.

Wáyà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ìlànà kò fọwọ́ sí i pé kí ó ju mítà 100 lọ láti àpótí dé kámẹ́rà. Wáyà gidi, bàbà ni inú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Èyí tó pọ̀ lọ́jà, alumíníọ́mù ni wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lára. Iná tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà á ṣòfò sójú ọ̀nà, wáyà á sì máa gbóná. Ẹni tó fi irú wáyà bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ fún ilé ìjọsìn, kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi iyanrìn po gàrí.

Àmọ́ ká ra àpótí gidi àti wáyà gidi, iṣẹ́ ṣì kù. Àpótí tó ṣe é darí wà. Ó máa ń fi hàn yín lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù pé kámẹ́rà ẹnu géètì ti dákẹ́ láti aago mẹ́ta òru. Ẹ lè ti ilé pa iná ihò rẹ̀, kí ẹ tún tàn án, kí ó jí, láìsí pé ẹnikẹ́ni gun àkàbà. Ẹ lè fi ọ̀nà àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èrò ilé ń lò. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ojúṣe rẹ̀ jẹ́ láti wò ó, àpótí náà á kàn máa pariwo fún ara rẹ̀ ni.

A mọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ti jí kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ lásìkò ìdánwò. Kámẹ́rà wà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ wo àwòrán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó ti dákẹ́. Kámẹ́rà náà kò sì lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún ṣírò pẹ̀lú wa. Kámẹ́rà tó bá ń rán mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan á kó nǹkan bíi gígábáìtì 43 jọ lójúmọ́. Mẹ́jọ á kó nǹkan bíi 345. Díìsìkì tẹ́rábáìtì 2 kò ní lè pé ọ̀sẹ̀ kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àtijọ́ rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì tó sì bá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí, kí ló máa rí wò?

Ewu kan tún wà tó ju kí kámẹ́rà fọ́jú lọ: kí ó máa ríran fún ẹlòmíràn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Páswọ́ọ̀dù tí kámẹ́rà gbé wá láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ni ògiri tó lanu. Ní 2016, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Mirai. Ohun tó ń ṣe kò ju pé kí ó máa kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, kí ó sì máa dán páswọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ wò. Ọ̀kẹ́ àìmọye ló ṣí fún un. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n fi irú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n kó lẹ́rú bẹ́ẹ̀ kọlu ilé iṣẹ́ Dyn, Twitter àti Netflix sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè ṣí fún wákàtí púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí kámẹ́rà yín kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn ọmọbìnrin, kí ni páswọ́ọ̀dù yín? Ta ló mọ̀ ọ́n? Ṣé ẹni tó rì í lọ́dún méjì sẹ́yìn ṣì lè wò ó lórí fóònù rẹ̀? Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Àwòrán ojú ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí géètìmáànù ń fi ṣeré.

Àwọn kan á ní owó ni kò sí. Ẹ jẹ́ ká rán wọn létí Àbújá. Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ kámẹ́rà Àbújá àti Èkó fún ZTE, ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà, ní mílíọ̀nù 470 dọ́là. Ẹ̀yáwó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú kámẹ́rà náà fi dákẹ́, tí gbèsè sì ń sọ̀rọ̀. Owó kò wọ́n wọn níbẹ̀, ìtọ́jú ló wọ́n wọn. Kámẹ́rà mẹ́rin tó ń ríran tọ̀sán-tòru sàn ju mẹ́rìndínlógún tó ń sùn lọ. Ẹ dín iye kámẹ́rà kù, kí ẹ fi owó tó kù ra àpótí, wáyà gidi àti bátìrì.

Àwọn mìíràn á bi wá pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ wáyà. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Gẹ̀ẹ́sì ni oníṣòwò fi ń ki bàbá ìjọ mọ́lẹ̀. Yóò da PoE, VLAN àti NVR bò wọ́n, bàbá á mi orí, ìyá ìjọ á ṣe àmín, owó á jáde. Bí wọ́n bá ti lè fi Yorùbá béèrè ọ̀rọ̀, irọ́ á dín kù. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wa, ẹ kọ ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Èkínní, wáàtì mélòó ni àpótí yìí lè pín lápapọ̀, mélòó sì ni kámẹ́rà wa yóò jẹ lóru?

Èkejì, bí iná bá lọ ní aago méje alẹ́, aago mélòó ni kámẹ́rà wa yóò kú?

Ẹ̀kẹta, ṣé bàbà ni inú wáyà yìí? Gé e, kí a wò ó.

Ẹ̀kẹrin, àwòrán ọjọ́ mélòó ni yóò wà nílẹ̀?

Ẹ̀karùn-ún, ta ni yóò máa wo àpótí yìí láràárọ̀, ta ló sì ni páswọ́ọ̀dù lọ́wọ́?

Ẹni tí kò bá lè fi èdè yín dáhùn márààrún, ẹ má gbé iṣẹ́ fún un. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà kò gbọdọ̀ dúró sórí kí a ri kámẹ́rà. Bí aṣojú ìjọba bá wá yẹ ilé ìjọsìn tàbí ilé ẹ̀kọ́ wò, kí ó má ka iye tó wà lára ògiri. Kí ó ní kí wọ́n yọ iná ilé, kí wọ́n sì fi àwòrán aago méjì òru àná hàn òun. Ibi tí wọn kò bá ti rí i fi hàn, kò sí kámẹ́rà níbẹ̀.