Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lára erìgì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré

Ẹ bi àwọn tó wà láyìíká yín pé ìgbà wo ni wọ́n lọ rí dókítà eyín kẹ́yìn. Àwọn kan á ní àwọn ò lọ rí. Nínú àwọn tó ti lọ, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé wọ́n lọ yọ eyín ni. Láti Èkó dé Kano, títí dé Cotonou, ìgbà tí ìrora kò bá jẹ́ ká sùn mọ́ la máa ń rántí ẹnu. Lójú tèmi, àṣà yìí ló ń gba eyín lẹ́nu wa, òun náà ló sì ń gba owó lápò wa.

Erìgì ló yí eyín ká. Bí a kò bá fọ ẹnu dáadáa, ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, nígbà tó bá yá, á le bí òkúta. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè ṣí i mọ́, pákò náà kò lè ṣí i. Erìgì á wú, ẹ̀jẹ̀ á sì máa jáde bí a bá ń fọ ẹnu. Tí a bá tètè lọ fọ eyín nílé ìwòsàn ní ìpele yìí, erìgì á padà sípò. Tí a bá fi sílẹ̀, àrùn lè wọ abẹ́ erìgì, kó máa jẹ egungun tó gbé eyín dúró. Egungun tó bá lọ báyìí kì í sábà padà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó lè má dunni rárá títí eyín yóò fi máa mì.

Kí ni dókítà máa ń ṣe?

Ẹ̀rọ tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ha ìdọ̀tí líle náà kúrò. Àwọn kan ń sọ pé fífọ eyín nílé ìwòsàn ló ń jẹ́ kí eyín mì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eyín tó mì lẹ́yìn fífọ, àrùn ti jẹ ìdí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdọ̀tí líle ló dì í mú tí a kò fi mọ̀.

Bí àrùn bá ti wọlé jìnnà, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dunni, wọ́n á sì fọ gbòǹgbò eyín. Bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n lè ṣí erìgì, kí wọ́n fọ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì rán an padà. Eyín tí kò ṣeé gbà là ni wọ́n ń yọ. Eyín ìkẹyìn tó máa ń hù nígbà tí èèyàn bá ń sún mọ́ ogún ọdún tàbí tó lé díẹ̀ lè má rí àyè, kó dùbúlẹ̀ sínú erìgì. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni wọ́n fi ń yọ ìyẹn.

Ẹni tó bá yọ eyín, kó má ṣe yọ ẹnu kíkankíkan lọ́jọ́ náà, kó má sì mu sìgá. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ihò náà ni ìdérí rẹ̀. Bí ó bá ṣí kúrò, ìrora ńlá ló ń tẹ̀lé e.

Àwọn tó ń fi ògógóró tàbí àsípírínì sí eyín tó ń dùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ó lè bó erìgì, kò sì wo nǹkan kan. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú dé ọrùn, tí mímí tàbí gbígbé itọ́ mì sì di ìṣòro, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Irú rẹ̀ ti pa èèyàn.

Ẹ wo Sokoto

Ilé ìwòsàn kan wà ní Sokoto tó ń tọ́jú àwọn tí noma ti jẹ ní ojú. Àwọn ọmọ ọdún 2 sí 6 tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ ló máa ń mú jù. Ara erìgì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú egbò àti ẹ̀jẹ̀, kó tó jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti egungun láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí kò rí ìtọ́jú ló ń kú. Tí a bá tètè rí i, oògùn apakòkòrò, fífọ ẹnu àti oúnjẹ tó dára lè dá a dúró. Tó bá pẹ́, ẹni tó bá yè é lè gba iṣẹ́ abẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi noma sára àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí aráyé pa tì. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ẹnu ọmọ náà lábúlé?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kò sówó. Òótọ́ ni, dókítà eyín náà kò sì pọ̀ lẹ́yìn ìlú ńlá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára máa ṣí ètè ọmọ wò. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan. Kí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ rí i pé fífọ eyín wà níbẹ̀ fún gbogbo èèyàn, nítorí owó rẹ̀ kò tó owó iṣẹ́ abẹ.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Láàárọ̀ ọ̀la, bí ẹ bá fọ ẹnu tán, ẹ wo itọ́ tí ẹ tu. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ má dúró de ìrora.