Ẹ Bi Sáfà Léèrè Kí Àwọn Ọmọ Tó Jókòó Ìdánwò

Ẹni tó bá mọ èlùbọ́ rà ní Ọjà'ba kì í torí pé ẹnu àpò dára kó sanwó. Ọwọ́ ló máa tì bọ inú àpò náà títí dé ìdí, á bu díẹ̀ jáde, á gbóòórùn rẹ̀ wò bóyá ó ti bu. Àwọn ìyá wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, láti Bẹẹrẹ títí dé Bẹ́yẹrúnká, ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà nílẹ̀ yìí. Ó wá ṣeni láàánú pé irú ọgbọ́n yìí ló jọ pé ó sọnù nínú ìdánwò JAMB ọdún 2025, tí ọ̀rọ̀ fi di ẹkún.

Ẹ̀yin òbí ò ní tíì gbàgbé. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún náà ni èsì jáde, tó sì jẹ́ pé nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 ọmọ tó ṣe ìdánwò, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 1.5 ni kò gba tó máàkì 200 nínú 400. Igbe ta. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù yẹn kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, pe àwọn oníròyìn jọ l'Ábújá, ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà, ó sì sunkún níṣojú gbogbo ayé. Ó yẹ kí èèyàn yìn ín fún ìyẹn, nítorí ọ̀gá tó ń jẹ́wọ́ ò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn: 206,610 ní ibùdó 65 l'Ékòó, àti 173,387 ní ibùdó 92 nílẹ̀ Ìgbò. Wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe.

Kí ló fà á? JAMB fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé. Lọ́dún náà, wọ́n ti ń da àwọn ìdáhùn tí ọmọ máa mú nínú wọn rú, kí ti ọmọ kan má baà bá ti ẹnìkejì rẹ̀ mu, wọ́n sì ṣe àtúnṣe sí ètò tó ń yẹ ìdáhùn wò. Àtúnṣe yìí dé orí àwọn sáfà, ìyẹn ìyá kọ̀ǹpútà tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn yòókù, tí wọ́n ń pè ní ti Kàdúná. Kò dé orí àwọn ti Èkó, àwọn yẹn ló sì ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. Ìbéèrè ń jáde, ọmọ ń tẹ ìdáhùn, aago ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ lẹ́yìn. Ẹnu àpò dára, ìdí ló bu.

Àwọn tó ń ṣe ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ètò mìíràn tí wọ́n fi ń dán iṣẹ́ wọn wò láìsí pé èèyàn fọwọ́ kàn án. Á ṣí ojú ewé bí èèyàn ṣe ń ṣí i, á tẹ bọ́tìnnì, á kọ orúkọ, á wo ohun tó jáde. Selenium, tó bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2004, wà lára àwọn tó gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ewé nìkan nirú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń rí. Ìdí nìyí táwọn tó gbọ́n fi ń jẹ́ kó kọjá ojú ewé, kó máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bí ìdánwò ṣe ń lọ: kó àwọn orúkọ àná kúrò ká bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́, ṣé ó dé, àtúnṣe wo ló wà lórí rẹ? Èyí tí wọ́n ń pè ní Cypress ní àṣẹ tirẹ̀ fún un, exec lorúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ á fi dáhùn. Bó bá jẹ́ òdo, ó yọrí. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, wàhálà ti wà, ìdánwò náà á sì já lójú ẹsẹ̀, àfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá ní kó má já. Ìlà kan péré ni. Ká ní ìlà kan báyìí ń bi sáfà kọ̀ọ̀kan léèrè láàárọ̀ ìdánwò, ti Èkó ìbá ti tú ara rẹ̀ fó.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan nirú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ o. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2012, Knight Capital, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á, ní sáfà mẹ́jọ. Méje gba àtúnṣe, wọ́n gbàgbé ẹyọ kan. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ó ti pàdánù owó tó lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là.

Àwọn kan á ní ó léwu láti gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ lé ètò ìdánwò lọ́wọ́, wọn ò sì parọ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tútù ki àpò èlùbọ́ ló máa bà á jẹ́. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ GitLab kan pa àṣẹ ìparẹ́ lórí ẹ̀rọ tí kò yẹ kó pa á sí, iṣẹ́ bíi wákàtí mẹ́fà táwọn èèyàn ti ṣe sì wọmi. Èèyàn ló pa àṣẹ yẹn, kì í ṣe ètò ìdánwò, àmọ́ àṣẹ kan náà ni, ètò tí kò lójú sì lè pa á lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nítorí náà, kí àṣẹ tó ń paná tàbí tó ń pa nǹkan rẹ́ má kúrò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò. Lórí sáfà gidi, ìbéèrè nìkan ni kí wọ́n gbà á láyè láti bi.

Ó lè dà bíi pé ọ̀rọ̀ yìí ò kan Ìbàdàn, nítorí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò sí lábẹ́ àwọn sáfà Èkó. Orí ló kó wọn yọ. Lọ́dún mìíràn, ó lè jẹ́ tàwọn ni wọ́n máa gbàgbé, láti ọdún 2015 sì ni JAMB ti fi ìdánwò orí pépà sílẹ̀ pátápátá, ọmọ ò ní ibòmíì tó lè sá sí. Ìdánwò ìgbáradì tí wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀kì dáa, ṣùgbọ́n bóyá kọ̀ǹpútà tàn àti bóyá ìbéèrè jáde ló ń fi hàn jù. Kí àjọ náà máa bi gbogbo sáfà léèrè láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa gbé èsì rẹ̀ síta fún gbogbo òbí: orúkọ sáfà, àtúnṣe tó wà lórí rẹ̀, aago tí wọ́n bi í. Èyí tí kò bá dáhùn òdo nínú wọn, kí ọmọ kankan má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lábẹ́ rẹ̀ títí wọ́n á fi tún un ṣe.