Igbá Tí Ó Pẹ́ Kí Ó Tó Dé

A ti ń gbọ́ ọ níbi ìpàdé òṣèlú pé 'Kábíyèsí' ni àwọn kan fi ń kí gómìnà, orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé a kò gbọdọ̀ bi í. Ẹ jẹ́ kí a rán irú wọn létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Àpòmù.

Kí Awólẹ̀ tó di Aláàfin ní nǹkan bí ọdún 1789, ó ń ṣòwò ní ọjà Àpòmù, níbi tí Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Òwu àti Ọ̀yọ́ ti ń pàdé. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí oko-ẹrú níbẹ̀. Àṣẹ wà nílẹ̀ pé kí Baálẹ̀ má ṣe gbà kí a ta ọmọ Ọ̀yọ́ ní ọjà náà. Baálẹ̀ mú ọmọ ọba, ó sì nà án ní pàṣán. Iṣẹ́ tí a rán an ni ó jẹ́. Nígbà tí Awólẹ̀ gorí ìtẹ́, ó ní ọ̀tá òun ni Baálẹ̀ Àpòmù. Ọkùnrin náà sá lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ọọ̀ni kò lè gbà á sílẹ̀. Kí ìlú rẹ̀ má bàa parun, ó pa ara rẹ̀, a sì gbé orí rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́.

Àwọn kan yóò ní Yorùbá sàn ju Faransé lọ. Lóòótọ́, lẹ́yìn 1615, ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú ìlú kò jókòó mọ́ ní Faransé títí di 1789. Louis Kẹrìnlá jọba láti 1643 títí di 1715 láìpè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀yọ́ ní Ọ̀yọ́ Mèsì. Nígbà tí Awólẹ̀ rán ogun lọ sí Ìwéré, àwọn ológun kọ̀, Àfọ̀njá sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí ọba, ó sì gbé májèlé jẹ. Ṣùgbọ́n orí Baálẹ̀ ti dé Ọ̀yọ́ ṣáájú igbá. Àwọn tí ó lágbára láti pa ọba kò ní ọ̀nà kankan láti fi dáàbò bo ìránṣẹ́ tí ó pa àṣẹ mọ́.

Lónìí, ìbò ni a fi ń yan gómìnà. Síbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin kan náà ni ẹ ń lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó lé akọ̀wé tí ó kọ̀ láti tẹ òfin lójú nítorí yín. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí òṣìṣẹ́ tí a bá lé nítorí irú èyí lè rí ìdájọ́ gbà, kí a sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọdún tó yí po.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìkìrè àti Àpòmù, bí ẹ bá ti kọ́ àwọn ọmọ nípa Louis tán, ẹ rán wọn lọ bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè nípa Baálẹ̀ yìí, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀.