Ẹ Má Pe Nọ́ńbà Tí Ẹ̀rọ AI Bá Fún Yín: Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì fún Ọjà Balógun

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ọlọ́jà ní Balógun, ní Ìdúmọ̀tà, ní Apọ́ngbọ̀n, àti ẹ̀yin ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá ń sọ fún pé "bá mi wò ó lórí fóònù", ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí lónìí.

Bí oníbàárà bá ní òun ti sanwó tí owó kò wọlé, ẹ má bi ẹ̀rọ AI ní nọ́ńbà báǹkì yín kí ẹ sì pè é lójú ẹsẹ̀. Oníjìbìtì lè ni nọ́ńbà náà, PIN àti OTP yín ni yóò sì kọ́kọ́ béèrè.

Google tí a ti mọ̀ láti 1998 kì í dáhùn tẹ́lẹ̀. Ojú ìwé tí àwọn èèyàn kọ ló ń tò síwájú yín, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín, ẹ ó sì rí i bóyá báǹkì ló ń sọ̀rọ̀ àbí ẹlòmíràn. (Níbẹ̀ náà, oníjìbìtì a máa sanwó ìpolówó kí tiẹ̀ lè wà lókè.) Ṣùgbọ́n ChatGPT tó jáde ní oṣù Kọkànlá 2022, Meta AI inú WhatsApp yín, àti ìdáhùn tí Google fúnra rẹ̀ ń kọ báyìí, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ó dà bí ẹni tó gé áńkárá láti ìsọ̀ mẹ́rin, tó rán an pọ̀, tó sì ti gé etí aṣọ tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀ sọnù. Nígbà mìíràn wọ́n á fi ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ hàn nísàlẹ̀, àmọ́ ta ló ń ṣí i wò nígbà tí oníbàárà dúró lórí rẹ̀?

Àwọn oníjìbìtì ti mọ èyí. Wọ́n ń kọ nọ́ńbà èké pẹ̀lú orúkọ báǹkì káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ a sì kó o mọ́ òótọ́. Kódà láìsí wọn, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń fojú bù, ó sì lè hun irọ́ tó dán. Ní oṣù Kẹfà 2023, kóòtù kan ní New York bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò tó kó ẹjọ́ tí kò wáyé rí, tí ChatGPT hun, síwájú adájọ́. Agbẹjọ́rò ni wọ́n o!

Nọ́ńbà báǹkì yín wà lẹ́yìn káàdì ATM. Bákan náà, bí ẹni tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sí yín láti Ṣáínà bá ní kí ẹ sanwó sí àkáǹtì tuntun, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá ti sọ PIN yín fún ẹnikẹ́ni, ẹ sáré lọ sí báǹkì báyìí, kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa.