Ùmúrà Inú Ààwẹ̀ àti Obìnrin Tí Kò Rí Ràkúnmí Gùn



Lọ́dọọdún, bí ó bá ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ kí oṣù Ràmàdáánì lé, ọ̀rọ̀ kan a máa di àríyànjiyàn ní Ìwó, ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláásí, nínú ẹgbẹ́ àsàlátù, àti ní ìsọ̀ àwọn oníṣòwò. Ẹnì kan tí kò dé Mẹ́kà rí yóò kó owó jọ, yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ ṣe Ùmúrà nínú ààwẹ̀, yóò sì padà dé lẹ́yìn ìtúnu. Kí ó tó sọ ẹrù kalẹ̀, àwọn kan ti ń kí i pé, "Àlàájì, ẹ kú àbọ̀." Àwọn mìíràn yóò yọ ṣùtì sí i, wọn yóò ní ààbọ̀ Àlàájì ni, pé ẹni tí owó rẹ̀ kò ká Hájì ni ó ń fi Ùmúrà tan ara rẹ̀ jẹ. Èmi kò bá ìhà kankan lọ nínú méjèèjì, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Orí hádíìsì kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé, ó sì wà nínú ìwé Bùhárí àti nínú ti Músílímù. Nígbà tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti ibi Hájì rẹ̀ dé sí Mọ̀dínà, ó bi obìnrin kan nínú àwọn ará ìlú náà pé kí ni kò jẹ́ kí ó bá àwọn lọ. Úmù Sínánì ni àwọn kan pe orúkọ obìnrin náà. Ó dáhùn pé ràkúnmí méjì péré ni àwọn ní nílé. Ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ gun ọ̀kan lọ sí Hájì, wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀ kí ó máa fa omi sí oko. Ànábì wá sọ fún un pé bí Ràmàdáánì bá dé, kí ó lọ ṣe Ùmúrà, nítorí Ùmúrà inú oṣù náà tó Hájì. Ẹ̀gbàwá mìíràn tilẹ̀ sọ pé ó tó Hájì tí a bá òun Ànábì ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a tètè kọjá níbi ràkúnmí yẹn. Àwọn tí ń polówó ìrìn-àjò fún wa lórí rédíò máa ń ka ìparí hádíìsì náà, wọn kì í ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Obìnrin yìí fẹ́ lọ sí Hájì. Ohun tí yóò gùn ni kò rí. Bí ó bá mú ràkúnmí kejì kúrò, oko yóò gbẹ, oúnjẹ ilé yóò sì wọ́n. Ó jókòó ti ilé kí ọkọ àti ọmọ lè lọ, ọkàn rẹ̀ sì wà lọ́nà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ànábì fi ọ̀rọ̀ náà tù nínú. Kò sọ ọ́ fún ọlọ́rọ̀ kan tí ó ní ràkúnmí mẹ́wàá ní agbo tí ó sì ń wá ọ̀nà tí ìnáwó rẹ̀ kò ní pọ̀.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn sì ti là á yé wa pé nínú làádà ni Ùmúrà yìí fi tó Hájì, kò bọ́ ọ̀ranyàn Hájì kúrò lọ́rùn ẹni tí ó di dandan fún. Bí èyí bá ṣòro láti gbà, ẹ jẹ́ kí a fi ìrun wò ó. A gbọ́ pé ìrun kan ní Mọ́sáláásí Ọlọ́wọ̀ ti Mẹ́kà dára ju ọ̀kẹ́ márùn-ún, èyíinì ni 100,000, níbòmíràn lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìrun ẹyọ kan níbẹ̀ ju ìrun ọdún 54 ní Ìwó lọ. Ṣé a ti rí ẹni tí ó ti Mẹ́kà dé tí ó wá sọ pé òun kò kí Súbùhì mọ́, pé òun ti san ti gbogbo ayé òun sílẹ̀? A kò rí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ùmúrà kò ṣe lè gba ipò Hájì. Yíyí Kábà po lẹ́ẹ̀méje, sísáré láàárín Sáfà àti Márúwà lẹ́ẹ̀méje, àti gígé irun, ibẹ̀ ni Ùmúrà parí sí. Kò ní Àráfà nínú, ẹni tí kò sì dúró ní Àráfà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Hájì kò ṣe Hájì.

Mo tún fẹ́ kí á rántí pé Ànábì fúnra rẹ̀ ṣe Ùmúrà mẹ́rin lẹ́yìn tí ó ṣí lọ sí Mọ̀dínà, kò sì sí ọ̀kan nínú Ràmàdáánì. Oṣù Súlùkáídà ni ó ti ṣe wọ́n, àfi èyí tí ó so pọ̀ mọ́ Hájì rẹ̀. Kódà nígbà tí ó ṣẹ́gun Mẹ́kà nínú Ràmàdáánì ọdún kẹjọ Híjírà (630), kò wọlé pẹ̀lú aṣọ Ùmúrà. Mọ̀dínà, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ni ó ti máa ń gba ààwẹ̀, ní mọ́sáláásí rẹ̀ níbẹ̀ ni ó sì ti máa ń ṣe ìtìkáfì ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn. N óò padà sí èyí.

Ìwó kì í ṣe ìlú tí a ń kọ́ ní ẹ̀sìn. Ọba Momodu Lámúyẹ, Olúwòó tí ó wàjà ní 1906, wà lára àwọn ọba Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé kéwú sì ti pọ̀ nínú ìlú yìí kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé. Nígbà náà, ẹsẹ̀ àti ẹranko ni àwọn baba wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi ń la ilẹ̀ Haúsá, Bọ̀rọ̀nú, Ṣáàdì àti Sùdáànì kọjá lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ń pẹ́ ní ọdún lójú ọ̀nà, àwọn mìíràn kò sì padà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ìgbìmọ̀ tí ń tọ́jú àwọn onírìn-àjò Hájì sílẹ̀ ní 1958, ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọrùn.

Lónìí, owó ni aṣálẹ̀ tí a ń là kọjá. Ní 2023, owó Hájì láti ìhà gúúsù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ní 2024, wọ́n kéde 4,899,000 náírà. Nígbà tí àwọn ènìyàn ti san án tán, wọ́n tún ní kí olúkúlùkù fi 1,918,032 náírà kún un, láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré, nínú oṣù ààwẹ̀ gan-an. Ní 2025, ó di 8,784,085 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tí ń gba iye yìí yóò fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ fún ọdún mẹ́wàá àti oṣù mẹ́fà kí ó tó kó owó Hájì 2025 jọ, kò ní jẹun, kò ní san owó ilé, ọmọ rẹ̀ kò sì ní lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ǹjẹ́ obìnrin aláìní-ràkúnmí kò ha ti wà láàárín wa? Ìyá tí ń ta gàrí ní ọjà Odò-Orí, tí ó ń dá àjọ láti ọjọ́ tí Hájì wà ní mílíọ̀nù kan, tí owó náà sì ń sá fún un bí òjìji, òun ni hádíìsì ń bá wí. Hájì kò di dandan fún ẹni tí kò ní agbára rẹ̀. Nínú ìlànà Màlíkì tí àwọn àlùfáà wa ń tẹ̀ lé, súnnà tí ó lágbára ni Ùmúrà. Bí owó ọwọ́ ìyá yìí bá ká a, tí kò jẹ gbèsè, tí àwọn tí ó fi sílẹ̀ nílé sì rí ìṣínu jẹ, kí ó lọ. Kí ó lọ fi ojú rẹ̀ rí Kábà kí ó tó kú. Ẹni tí ó bá yọ ṣùtì sí i, ẹ̀mí kí ni ó ń lò?

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní ilé méjì, tí ó ní mọ́tò, tí kò tíì ṣe Hájì rí, ṣùgbọ́n tí ó ń lọ sí Ùmúrà nínú ààwẹ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀ranyàn ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi làádà ṣeré. Bákan náà ni ẹni tí ó ti kó ìdajì owó Hájì jọ, bóyá nínú ètò ìfowópamọ́ Hájì tí àjọ Hájì Nàìjíríà àti Jaiz Bank bẹ̀rẹ̀ ní 2020, tí ó wá fẹ́ yọ ọ́ lọ sí Ùmúrà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn, nítorí òru abiyì, owó ilé tí ó súnmọ́ Haram a máa gòkè kọjá òye, owó tí ó rò pé yóò kù kì í kù.

Ohun kan tún wà tí a ń fi ẹnu kẹ́lẹ́ sọ. Àwọn kan ń fi físà Ùmúrà lọ nínú ààwẹ̀, wọn a sì sá pamọ́ títí di ìgbà Hájì. Ní oṣù kẹfà 2024, ooru pa ènìyàn púpọ̀ níbi Hájì. Ìjọba Saudi sọ pé 1,301 ni ó kú, àti pé nínú márùn-ún, ó ju mẹ́rin lọ tí kò ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò ní ìwé kò ní àgọ́, kò ní ọkọ̀, inú oòrùn ni ó ń rìn. Kí Ọlọ́hun dárí jì wọ́n. Kí olórí ilé kankan má gba irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ láàyè.

Mo ní n óò padà sí ọ̀rọ̀ Ànábì ní Mọ̀dínà. Ìtumọ̀ Àlùkùránì inú ààwẹ̀ jẹ́ ohun tí a fi ń mọ Ìwó. Àwọn ọmọ ìlú ń ti ìdálẹ̀ wá nítorí rẹ̀. Bí ààfáà tí ó ń túmọ̀ bá wà ní Mẹ́kà lọ́dọọdún, tí ó ń ṣe amọ̀nà fún àwọn onírìn-àjò, ta ni yóò jókòó ti àwọn ọ̀dọ́? Ẹni tí kò lọ rí, kí ó fi igbá-kejì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹfà, ìjókòó rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ni mo rò pé ó súnmọ́ ìṣe Ànábì jù. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn sí èyí.

Ẹni tí ó bá sì ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ó mọ̀ pé èrò inú ààwẹ̀ pọ̀ gidigidi, ó sì yẹ kí ó tọrọ àlàyé dáadáa nípa mìkátì, kí ọkọ̀ òfuurufú má gbé e kọjá ibẹ̀ láìtíì gbé ìhírámù wọ̀. Ìwé àṣẹ Ùmúrà wà lórí fóònù báyìí, Nusuk ni wọ́n ń pè é. Ní Ràmàdáánì 2024, ìjọba Saudi kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó ń rò pé òun yóò ṣe ti òun, ti baba òun àti ti ìyá òun, kí ó bèèrè òfin ọdún tirẹ̀ kí ó tó ṣèlérí fún ẹbí. Tí ààwẹ̀ bá sì wọ̀ ọ́ lára lójú ọ̀nà, onírìn-àjò ni, ó lè ṣínu kí ó san án padà.

Ní ti orúkọ, ẹ jẹ́ kí a fi Àlàájì àti Àlàájà sílẹ̀ fún ẹni tí ó dúró ní Àráfà. Ìyá wa tí ó ti Ùmúrà dé, ẹ máa pè é ní orúkọ ọmọ rẹ̀ bí ẹ ti ń pè é tẹ́lẹ̀, ẹ kí i kú àbọ̀, ẹ mu omi Sàmúsámù rẹ̀, ẹ sì ní kí ó ṣe àdúà fún yín.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àsàlátù tí ẹ ń kó ara yín jọ lọ sí Ùmúrà lọ́dọọdún, mo bẹ̀ yín, ẹ ka iye ìgbà tí olúkúlùkù ti lọ. Ẹni tí ó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ó fi owó ẹ̀karùn-ún gbé ẹni tí kò lọ rí lọ. Ní ọjà Odò-Orí nìkan, a kò ní pẹ́ kí a tó rí i.