Ẹ Tún Mọ́tò Ṣe Kí Ẹ Tó Ṣe É Lọ́ṣọ̀ọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín tó gbayì yìí, kí n fi sọ ohun kan tó ti ń dùn mí lọ́kàn. Mọkáníìkì ni mí ní ìlú Ìbàdàn. Ọdún 1971 ni bàbá mi fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́, mo ṣe fíríìdọ́ọ̀mù ní 1977, mo sì ti fi sípánà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ báyìí nítorí ẹ̀yìn tó ń ro mí. Ṣùgbọ́n ojú kò tíì fọ́, etí kò sì tíì di.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi máa ń sọ, pé ọ̀dọ́ tó bá ra mọ́tò eré onílẹ̀kùn méjì, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní kúúpè, olè ni, tàbí ọmọ yàhúù ni, tàbí kẹ̀ ẹni tí ikú ń pè ni. Mo ní kí n sọ tèmi sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ọmọkùnrin kan, wẹ́dà ni. Géètì àti fèrèsé onírin ló ń ṣe. Ọdún mẹ́rin ló fi dá àjọ kó tó ra Toyota Celica ọdún 2001, tòkúnbọ̀. Láàárín oṣù méjì, wọ́n ti dá a dúró lójú ọ̀nà tó ìgbà mẹ́jọ. Wọ́n á ní níbo ló ti rí owó, wọ́n á ní kó ṣí fóònù rẹ̀. Ọmọ náà á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí wọn, ọwọ́ tí iná wẹ́dà ti jó di àpá. Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé nítorí pé mọ́tò ní ilẹ̀kùn méjì ni ẹni tó ń wà á fi di olè?

Nígbà tí èmi ń kọ́ṣẹ́, Peugeot 504 ló wà lóde. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to onílẹ̀kùn mẹ́rin rẹ̀ ní Kàdúná. Ṣùgbọ́n 504 onílẹ̀kùn méjì náà wà, Pininfarina ní ilẹ̀ Ítálì ló ń kan ara rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí ní gáréèjì ọ̀gá mi, ti lọ́yà kan ni. Ọjọ́ tó wọlé, gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ ló sọ sípánà sílẹ̀ tí a lọ ń wò ó. Kò sẹ́ni tó pe lọ́yà yẹn lólè o. Wọ́n ní ó lajú ni. Kí ló wá dé tí ohun tó jẹ́ ọ̀làjú lára lọ́yà fi di olè jíjà lára wẹ́dà?

Mo ti sọ ti àwọn àgbà. Ó wá ku ti àwọn ọ̀dọ́, nítorí àwọn náà ní ẹjọ́ láti jẹ́.

Nígbà tí ọmọ yìí gbé mọ́tò rẹ̀ wá bá mi, kò ní kí n yẹ nǹkan kan wò. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gé sípíríǹgì rẹ̀ kó lè wálẹ̀. Ẹ bá mi gé sàlẹ́ńsà kó lè máa dún. Mo ti sọ̀rọ̀ ríìmù 19 sílẹ̀.” Mo ní ọ̀rọ̀ rẹ dára, ìgbà wo lo yí ọ́ìlì gbẹ̀yìn? Kò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ara táyà. Mo rí nọ́ńbà mẹ́rin: 1412. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó mọ̀ lónìí: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2012 ni wọ́n ṣe táyà yẹn. Òun ló fi ń sá kìlómítà 140 ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí òfin ti ní kí mọ́tò ilé má sá ju 100 lọ!

Mo ní n kò ní gé sípíríǹgì kankan. Inú bí i, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Kò mọ ìdí tí mo fi kọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níhìn-ín.

Ní ọdún 1996, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan gbé mọ́tò ilẹ̀kùn méjì wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi àyà wọ́lẹ̀. Mo fi ayùn gé ìká méjì kúrò lára sípíríǹgì iwájú kọ̀ọ̀kan. Mo gba owó mi. Mo tún yìn ín pé mọ́tò ti rí bí ẹkùn tó lúgọ. Kò tó oṣù kan, òjò rọ̀, táyà já sí kòtò, sípíríǹgì apá òsì yọ kúrò ní ìjókòó rẹ̀, mọ́tò sì gbókìtì sínú gọ́tà. Èmi náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè pé kí n wá fà á. Mo rí sípíríǹgì yẹn níbi tó há sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Mo yọ ọ́, mo jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ mi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ títí di òní. Ìyá rẹ̀ tún wá sí gáréèjì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá wọn fa mọ́tò. Mo sì gba ọpẹ́ yẹn. Ẹ gbà mí, ọpẹ́ yẹn ń ta mí ju èébú lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá gé sípíríǹgì, ó sọ ọ́ di kúkúrú, ó sì tún sọ ọ́ di líle. Kì í kún àyè rẹ̀ mọ́. Bí táyà bá já sí kòtò, ó lè fò yọ. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún gíga ti tẹ́lẹ̀ á máa lu ìsàlẹ̀, á sì tètè kú. Táyà á dagun, á máa jẹ láti inú, níbi tí ojú kì í tó, títí ọjọ́ tó máa bẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí mọ́tò wálẹ̀ dandan, sípíríǹgì kúkúrú tí ilé-iṣẹ́ dìídì ṣe fún irú mọ́tò yẹn wà, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu. Bí owó rẹ̀ kò bá tíì sí, ẹ ní sùúrù. Ọ̀nà tiwa níhìn-ín náà kò kúkú fẹ́ mọ́tò tó ń fi àyà wọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa rírà. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún lábẹ́ gíláàsì iwájú. Kó bá ti ara ilẹ̀kùn mu, kó sì bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Japan ni wọ́n ti ṣe irú Celica tí mò ń wí yìí, nítorí náà J ni nọ́ńbà rẹ̀ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ní ti àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún: Y ni 2000, 1 ni 2001, títí dé 5 tó jẹ́ 2005. Bí oníṣòwò bá ní 2004 ni, tí ẹ sì rí 1 níbẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin. Bí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, omi ti gbé mọ́tò yẹn rí. Ìjì Katrina ní 2005 àti Harvey ní 2017 ri ọ̀kẹ́ àìmọye mọ́tò sómi ní Amẹ́ríkà, omi kì í sì í jáde tán lára wáyà. Ẹ má sì ra èyí tí wọ́n gbé sítíárín rẹ̀ láti apá ọ̀tún wá sí òsì níhìn-ín. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń rìn lápá ọ̀tún. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa, mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Sítíárín tí wọ́n fi wẹ́dà lẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀mí lé lọ́wọ́.

Ẹ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó tanná sí i. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì: bó bá ti gbóná, wọ́n ti fi nǹkan pamọ́ fún yín. Bí èéfín bá pọ́n bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá funfun ṣìkìtì tí kò sì dáwọ́ dúró, omi rédíétọ̀ ló ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE tó wà nínú Celica GT, a mọ àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ọ́ìlì mímu, nítorí ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìn kéré, èérí sì ń dí i. Kì í ṣe pé kí ẹ má rà á o. Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju líítà 3.7 lọ, nítorí náà ẹ máa fa ọ̀pá ìwọnlẹ̀ yọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Irú kejì, GT-S, agbára ẹṣin 180 ló ní, nígbà tí GT ní 140. Ṣùgbọ́n agbára yẹn kì í jáde àfi bí ẹ́ńjìnnì bá yí ju ìgbà 6,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nínú gósílò Ìwó Road, ta ló máa fi hàn?

Ó wá ku ti ẹ̀yin mọkáníìkì ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú yíyọ tẹmóstáàtì sọnù. Ẹ ń ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Irọ́ ni! Iṣẹ́ tẹmóstáàtì ni kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dé ìwọ̀n rẹ̀, kó sì dúró síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́, kọ̀ǹpútà mọ́tò á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á máa da epo sí i. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ta ló tún lówó epo tí à ń dà nù? Ẹ má sì máa da omi kànga sí rédíétọ̀. Omi rédíétọ̀ tó yẹ ni kí ẹ rọ sí i, kí ìpẹtà má bàa jẹ ẹ́ láti inú.

Ẹni tó bá fẹ́ kí mọ́tò eré rẹ̀ dára sí i lóòótọ́, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Táyà tuntun mẹ́rin ni àkọ́kọ́. Páàdì búréèkì àti ọ́ìlì búréèkì ni ìkejì, nítorí ọ́ìlì búréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì yẹ ká máa pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọdún méjì méjì. Ṣọ́ọ̀kì ni ìkẹta. Ríìmù 15 tàbí 16 tó bá a wá ti tó. Ríìmù 19 pẹ̀lú táyà pẹlẹbẹ, kòtò kan ṣoṣo ló máa fi tẹ́ ẹ. Ní ti sàlẹ́ńsà, ẹ rántí pé aláìsàn àti ọmọ ọwọ́ ń bẹ ní àdúgbò. Ariwo kọ́ ni eré.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà wá. Òwò ríìmù náà ti fọ́, owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A jọ lọ sí ọjà Arárọ̀mí ní Agodi-Gate, a ra ṣọ́ọ̀kì àti tẹmóstáàtì. Táyà tuntun la rà, a ka nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó sanwó. Ó ṣì ń wù ú kí mọ́tò náà wálẹ̀. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ àjọ mìíràn fún sípíríǹgì tòótọ́, bí ẹ̀mí bá ṣì wà, èmi fúnra mi ni màá jókòó ti àwọn ọmọ tí yóò dè é.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ yé fi ilẹ̀kùn mọ́tò dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́jọ́. Ẹ̀yin agbófinró, ẹ wo ìwé, ẹ wo táyà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ máa lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mọ́tò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti jẹrà, ẹ má kun òkè rẹ̀. Ẹ̀yin mọkáníìkì, bí oníbàárà bá ní kí ẹ ṣe ohun tí yóò pa á, ẹ kọ owó rẹ̀. Èmi gba owó náà ní 1996, mo sì ń san án padà títí di òní.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Mọkáníìkì Àgbà,
Ìbàdàn.