Ẹni tí Ọwọ́ Rẹ̀ Bọ́ Ilé Rẹ̀

Bí ọba bá wàjà, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́. Bí ìjòyè bá kú, ìlù yóò kéde rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá kú, ẹni tí ó ti ń fi àáké, tàbí owú alágbẹ̀dẹ, tàbí abẹ́rẹ́ aránṣọ bọ́ aya àti ọmọ láti ìgbà èwe rẹ̀, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: Màlúù mélòó ni àwọn ọmọ yóò pa? Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ bá gbogbo ará Ìlárá, Ìmẹ̀kọ àti àgbègbè Yewa jíròrò lónìí, nítorí ó ti di ẹrù wúwo lórí ọ̀pọ̀ ilé.

Àwa tí a ń gbé etí ààlà, ó yẹ kí a mọ iyì irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889 ni ó mú kí Kétu bọ́ sí apá kan, tí Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Kétu, fi bọ́ sí apá kejì. Ààlà náà pín owó orí, ó pín èdè ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kò pín Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìhà méjèèjì ni a ti ń jó o títí di òní, àjọ UNESCO sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó yẹ kí gbogbo ayé pa mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láìsí igi tí a gbẹ́, kò sì sí igi tí ń gbẹ́ ara rẹ̀. Ẹnì kan ni ó jókòó sí àgbàlá rẹ̀ láti òwúrọ̀, tí èérún igi ń fò yí i ká, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń fi èérún náà dáná alẹ́.

Ọ̀kan nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Duga, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ìmẹ̀kọ, aládùúgbò wa. Nǹkan bí ọdún 1880 ni a bí i, ó sì kú ní ọdún 1960. Ní ọdún 1950, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, wá sí Ìmẹ̀kọ, ó jókòó ti bàbá yìí, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń bi í ní ìbéèrè, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó kọ jáde nínú ìwé ní ọdún 1973, nígbà tí Duga ti wà ní ilẹ̀ fún ọdún 13. Nítorí èyí, orúkọ Duga kò parun. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo àwọn ilé tí a ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní òkè òkun: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère ilẹ̀ wa ni ó wà níbẹ̀ tí a kò kọ ju "Yorùbá" lọ sí ẹsẹ̀ wọn. Ta ni ó gbẹ́ wọn? Ta ni àwọn ọmọ tí ó fi owó wọn bọ́? Kò sí ẹni tí ó béèrè nígbà tí ẹni tí ó lè dáhùn ṣì wà láàyè.

Kì í ṣe màlúù ìsìnkú ni a fi ń dá Duga mọ̀ lónìí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, àti ọ̀rọ̀ tí a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ṣé àlejò láti Amẹ́ríkà ni yóò wá máa bá wa ṣe èyí ní ilé kọ̀ọ̀kan?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìhà Èkìtì, nítorí ẹ̀rí kan wà níbẹ̀ tí ó wọ inú ilé ju èyí lọ. Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà Ìsẹ̀, kú ní ọdún 1938. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ni a gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní London ní ọdún 1924, British Museum sì gbà á. Ilẹ̀kùn lè sọ bí ọwọ́ ènìyàn ti mọṣẹ́ tó, ṣùgbọ́n kò lè sọ irú ẹni tí ó jẹ́ nínú ilé rẹ̀. Aya rẹ̀ ni ó lè sọ èyí. Ní ọdún 1988, lẹ́yìn 50 ọdún tí Ọlọ́wẹ̀ ti kú, Olójú-ifun, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀, ṣì ń ki oríkì rẹ̀, a sì gbà á sílẹ̀. Ta ni yóò máa ki ọkọ tí kò fẹ́ràn ilé fún àádọ́ta ọdún?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Aréógun ará Ọ̀sì, tí ó kú ní ọdún 1954. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́ Bándélé, ọmọ ọ̀gá rẹ̀, ní iṣẹ́ ọnà. Bándélé ni ó sì wá kọ́ Lamidi Fakeye ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé kí ó tó kú ní ọdún 2009. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni a fi ń rọ́pò.

Ǹjẹ́ kí ni àwa ń ṣe? A óò dá aṣọ ẹbí, a óò yá owó èlé, a óò gba àgọ́ àti àga, olórin yóò kọrin mọ́jú. Kí oṣù tó parí, opó kò ní owó ọjà mọ́, a ti ta irinṣẹ́ olóògbé fún ẹni tí ń ra irin àlòkù, àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ó ku ọdún kan kí wọ́n gba òmìnira sì ti tú ká. Àwọn ọmọ tí bàbá kò jẹ́ kí wọ́n jẹ gbèsè nígbà ayé rẹ̀ di onígbèsè nítorí òkú rẹ̀. Kò sí ìwọ̀sí tí ó ju èyí lọ fún ẹni tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ kí ebi má baà wọ ilé.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà wí ni pé kí ọmọ sin bàbá. Kò wí pé kí olówó èlé bá a sin ín. Àwọn aláṣọ àti alásè lè bínú sí wa pẹ̀lú, nítorí ìnáwó ni ọjà wọn. Kí wọ́n rántí pé ilé tí kò jẹ gbèsè yóò máa rajà lọ́dọọdún. Ilé tí gbèsè wó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó rà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan mẹ́ta ṣáájú màlúù. Èkíní, kí a ya oúnjẹ opó àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sọ́tọ̀ kí a tó dá aṣọ kankan. Èkejì, kí a má ṣe ta irinṣẹ́. Kí a fi wọ́n fún ọmọ tàbí ọmọ iṣẹ́ tí yóò lò wọ́n, kí ọ̀gá mìíràn sì gba àwọn tí kò tíì parí iṣẹ́ kíkọ́. Ẹ̀kẹta, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àti ti ọ̀gá rẹ̀, àti ti àwọn tí ó kọ́, àti àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tí ó wà nílùú. Ìwé àjákọ kan tó fún èyí. Ó sì sàn kí a ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàbá ṣì wà láàyè, tí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Bí a bá ti ṣe àwọn wọ̀nyí tán, tí owó sì ṣẹ́kù, ẹ pa màlúù, a óò wá bá yín jẹ ẹ́. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún gbogbo àwọn tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn tọ́ wa.